Ẹni Tó Dúró Lẹ́nu Kòtò

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ẹ̀rín ni Verna ń rín. Èyí ni yóò máa rántí ju gbogbo nǹkan yòókù lọ: pé ẹnu òun là sílẹ̀, pé omi ń bọ́ lójú òun nítorí ẹ̀rín, àti pé òun fi ọwọ́ di táǹkì òjò Àǹtí Coral mú kí òun má baà ṣubú.

Omi ẹ̀rọ ìlú Wirrabilla ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Káńsù ti kéde lórí rédíò pé kí olúkúlùkù se omi kó tó mu ún. Àwọn tó ń gbé lókè, nítòsí pápá gọ́ọ̀fù, ra omi inú ike ní páálí páálí. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò gbé garawa lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Coral, nítorí òun nìkan ló ní táǹkì tí kò jò ní gbogbo àdúgbò. Garawa ni Verna náà gbé wá. Omi tíì ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá pọn.

"Mo ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀," ni Àǹtí Coral wí, "mo ní ta ló ti po tíì sílẹ̀ dè mí? Mílíìkì nìkan ló kù."

"Ẹ ò tọ́ ọ wò?"

"Mo tọ́ ọ wò. Káńsù ò fi ṣúgà sí i."

Verna ti fẹ́ gbé garawa rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n Àǹtí Coral kò tíì tán. "Wọ́n ní Graham Tasker mu kọ́ọ̀bù kan níwájú ayàwòrán, pé kí aráàlú lè rí i pé kò sí ewu. Ọ̀gá omi. Irọ́ ni jàre, inú ike ló ti bù ú. Ojú mi ni wọ́n ṣe tọ́ ọmọ yẹn dàgbà. Ọmú ìyá ẹ̀ pàápàá, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó mu ún."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbé Verna lọ. Nígbà tó fi máa gbé garawa dé ilé, fóònù rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé ilé ìdáná níbi tó fi í sí. Ìpè kan wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ọkọ rẹ̀ ló pè.

A kò ní í dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ilẹ̀ sàréè rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Àwọn kòtò pọ́ǹpù tí ń ti omi ẹ̀gbin ìlú lọ sí adágún lẹ́yìn odi, òun ló ń tọ́jú wọn. Òfin káńsù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò láìjẹ́ pé ẹnìkejì dúró lẹ́nu rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró máa ń sá pamọ́ sísàlẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn kì í sì í mọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi yẹ̀. Ẹnìkejì yẹn ti fẹ̀yìn tì kí Kérésìmesì tó dé. Káńsù kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin ṣì wà lára ògiri nínú ọ́fíìsì wọn, ènìyàn ni kò sí. Nítorí náà ọkùnrin náà fi ìyàwó rẹ̀ ṣe ẹnìkejì. Bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, yóò pè é. "Mo ń lọ sísàlẹ̀ o," ni yóò wí, Verna yóò fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, yóò máa bó ànàmọ́, etí rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ fóònù. Bó bá ti jáde, yóò tún pè. Bí kò bá pè, kí Verna ké sí àwọn panápaná. Báyìí ni ìlú tó ní ọ̀gá, tó ní igbákejì ọ̀gá, tó ní ọkọ̀ tuntun lójúde ọ́fíìsì, ṣe gbé ẹ̀mí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sójú fèrèsé ilé ìdáná obìnrin kan láìmọ̀.

Verna pè é padà. Fóònù náà dún títí, ó dákẹ́. Ó rò ó pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé yóò pè láìpẹ́. Ó gbé omi kaná. Ó po tíì, ó gbé e lọ fún Ìyá Merle, ìyá ọkọ rẹ̀, tó jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé. Ó tún pè. Ìyá àgbà náà ṣì ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì gbígbóná náà nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò sì tètè sọ̀kalẹ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ilé ti kún. Àwọn ẹbí ti ìlú tó wà lókè odò dé nínú ọkọ̀ tó gbó, àwọn ti ìsàlẹ̀ odò ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Verna bí wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń ti etíkun bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, àwọn obìnrin yọ àwòrán ọkùnrin náà kúrò lára ògiri, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sínú àpótí. Darcy, àbúrò ọkùnrin náà, dá iná sí ojúde, ó kó ewé tútù lé e, ó sì fi èéfín náà gba inú yàrá kọ̀ọ̀kan kọjá láti fi wẹ ilé mọ́, láti ìdí ibùsùn títí dé ibi tí bàtà iṣẹ́ máa ń wà. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Merle jókòó lórí ọ̀kan, àwọn àgbà obìnrin fi ara gbè é lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá dé yóò tẹríba mọ́ ọn lọ́rùn, yóò sunkún, yóò dìde fún ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ òkú, èèwọ̀ ni láàrin wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yóò ní "arákùnrin wa," gbogbo ènìyàn yóò sì mọ̀.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí àwọn tó wà nílé náà rí ni pé omi tó ṣeé mu kò sí, ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì ṣeé lò. Ọlọ́pàá ti fi okùn yí kòtò tó kú sínú rẹ̀ ká, pọ́ǹpù tó wà nínú rẹ̀ sì ti dákẹ́. Ohun tí ìdajì ìlú ń ṣàn dànù láti òwúrọ̀ ń wá ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ láti sinmi sí, ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ló sì rẹlẹ̀ jù. Ihò ilé ìwẹ̀ ń ké bí ẹni tó ń fi omi yọ ẹnu. Òórùn rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pàdé òórùn èéfín ewé níbẹ̀.

Ìrù kangarú wà lórí iná, àwọn ọkùnrin ti sin ìyẹ̀fun pípò sábẹ́ eérú kó lè di búrẹ́dì. Oúnjẹ kò ní ṣòro. Omi tíì ló di ìjà.

"Darcy, má tún gbé agbada yẹn wá sídìí táǹkì mi," ni Àǹtí Coral wí. "Garawa kọ̀ọ̀kan."

"Àǹtí, òkú wà nílẹ̀, ẹ ń wọn omi."

"Òkú ò mu tíì. Alààyè ló ń mu ún, wọ́n sì pọ̀. Tí mo bá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kí ni ìyá ẹ máa mu lọ́la?"

"Ẹ kúkú fi kọ́kọ́rọ́ sí i lẹ́nu."

"Mo lè fi í sí i. Ìwọ tó o fi omi òjò mi fọ ọkọ̀ nígbà Àjíǹde, o rí ẹnu bá mi sọ̀rọ̀ omi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín níbi iná, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Darcy fi agbada sílẹ̀. Ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, Àǹtí Coral sì lọ dúró tì í. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló bá a pọn omi kún agbada náà.

Verna rí gbogbo èyí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, fóònù náà wà nínú àpò aṣọ rẹ̀. Láti àárọ̀ ni kò ti jẹ́ kó kúrò lára òun. Àwọn obìnrin sọ pé kó wá dùbúlẹ̀, kò lọ. Wọ́n gbé tíì fún un, ó gbà á, ó gbé e sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ kò wúwo ju ọṣẹ kan lọ, síbẹ̀ kò lè dìde.

Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ àwọn obìnrin méjì tí wọ́n dúró lójú pópó, àwọn tí wọ́n kì í ṣe ẹbí, tí wọ́n gbé kéèkì wá tí wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò gbé e fún.

"Wọ́n ní ó dá lọ ni."

"Kò bá ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń wọlé?"

"Kò bá ẹnikẹ́ni sọ. Bí ìyẹn bá ti pe èèyàn kan péré, wọn ì bá ti yọ ọ́."

"Àbí ó ti mu díẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀ o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Merle kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì níbi tó wà, ó ní, "Ẹ gbé kéèkì yín wọlé. Ọmọ mi ò fẹnu kan ọtí láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ jókòó, kí wọ́n fún yín ní tíì."

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sétí àga, ojú tì wọ́n, wọ́n mu tíì.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Graham Tasker dé. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó gbé páálí omi inú ike kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kó kan ilẹ̀kùn tó ti ṣí sílẹ̀. Àwọn tó wà lójúde wò ó, wọn kò kí i.

Ó rìn tọ Ìyá Merle lọ. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó gbé páálí náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ ńlá ló jẹ́ fún káńsù. Ó sì dárúkọ ọkùnrin náà, orúkọ àti orúkọ ìdílé, ketekete.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fà sẹ́yìn, bí ìgbà tí omi gbígbóná bá ta sí ènìyàn lára. Obìnrin kan fi aṣọ bo ojú. Tasker rí i pé òun ti ṣe nǹkan kan, kò mọ ohun tó jẹ́, ó sì tún pe orúkọ náà.

"Graham," ni Ìyá Merle wí jẹ́jẹ́, "má pè é mọ́. Sọ ohun tó o bá wá."

"Ẹ má bínú, Ìyá Merle." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo wá bá yín kẹ́dùn ni. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lórí rédíò. A ní òfin lórí kòtò wọ̀nyẹn. Ènìyàn ò gbọ́dọ̀ dá wọ ibẹ̀. Ó dà bí ẹni pé... ó dà bí ẹni pé ó wọlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọmọ mi kì í kánjú."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n òfin wà, wọn ò tẹ̀ lé e."

"Ta ló yẹ kó sọ fún?"

Tasker sún páálí omi náà síwájú díẹ̀.

"Mo ní, ta ló yẹ kó sọ fún, Graham? Mo fọ ilé ìyá ẹ fún ọdún púpọ̀. Tí mo bá fẹ́ gun àkàbà láti nu fèrèsé òkè, ìyá ẹ máa ń dúró tì í, á dì í mú. Ó ní kì í ṣe nítorí mi o, nítorí gíláàsì ni. Àmọ́ ó dúró. Ta ló dúró ti ọmọ mi?"

Ihò ilé ìwẹ̀ nìkan ló ń ké. Verna rí i pé gbogbo ojú wà lára Tasker, pé ẹnikẹ́ni kò wo ọ̀dọ̀ òun. Bó bá yọ fóònù yẹn jáde nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí yóò di irọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ sọ fún ẹnìkan. Ó sọ fún ẹni tó máa ń sọ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ jáde ni wọn yóò wò, ìyá tó bí i yóò sì mọ̀ pé ìpè náà dé, pé kò sí ẹni tó gbé e, pé ibi tí aya ọmọ òun wà ni ìdí táǹkì, tó ń rẹ́rìn-ín. Adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú àpò, ó kan fóònù náà, ó sì dúró síbẹ̀.

"A ti ń wá ẹni tí a máa gbà sí ipò kejì yẹn," ni Tasker wí níkẹyìn. "Ètò ìnáwó ló..."

"Jáde," ni Darcy wí.

"Darcy."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó jáde. Kó gbé omi ẹ̀ lọ."

"Omi náà dúró," ni Ìyá Merle wí. "Omi ò ṣẹ̀ wá. Graham, máa lọ sílé."

Ó dìde. Eruku ti kan orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n kó tó wọ ọkọ̀.

Rédíò sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ bó ṣe wí. Wọn kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dá a. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ káńsù kan kú nínú kòtò pọ́ǹpù ní Wirrabilla. Wọ́n ní a gbọ́ pé ó dá wọlé láìfi tó ẹnikẹ́ni létí, èyí tó lòdì sí òfin ààbò. Lẹ́yìn náà, wọ́n sọ iye tí àgùntàn ń lọ lọ́jà, wọ́n sọ pé ooru yóò tún pọ̀ lọ́la.

Darcy pa rédíò náà. Ìyá Merle ní kí wọ́n fa òun lọ́wọ́ wọlé, ooru ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pọ̀ jù fún òun. Verna ló fà á. Ó mú un jókòó sórí ibùsùn nínú yàrá ẹ̀yìn, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, kò dìde.

"Màmá, ó pè mí."

Ìyá náà yíjú sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, èmi ló máa ń pè. Látìgbà tí ẹnìkejì ẹ̀ ti lọ ni. Ó ní kí n má sọ fún yín, ẹ̀rù á máa bà yín. Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Mo wà ní ọ̀dọ̀ Àǹtí Coral. Fóònù wà nílé." Ó gbé e jáde, ó na án sí i. "Mo rí i nígbà tí mo dé. Mo pè é, kò gbé e. Mo po tíì yín, Màmá. Mo kọ́kọ́ po tíì."

Ìyá Merle gba fóònù náà. Kò lè rí ohun tó wà lójú rẹ̀. Ó gbé e sórí itan, ó fi àtàǹpàkò ra á lọ, ra á bọ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Ibo ni ó wà níbẹ̀?"

Verna mú ìka rẹ̀, ó gbé e sí ibi tí ìpè náà wà.

Ìka yẹn pẹ́ níbẹ̀. Lóde, wọ́n ń bu ẹran sínú àwo.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ ní káńsù?"

"Wọn ò mọ̀ mí, Màmá."

"Wọn ò san nǹkan kan fún ọ?"

"Wọn ò mọ̀ rárá."

"Ó dáa." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Mi ò ní parọ́ fún ọ, Verna. Ó dùn mí. Bí n bá jí lọ́la, á tún dùn mí, bí mo bá sì ń mu tíì, mo máa rántí. Mi ò lè yọ ìyẹn kúrò fún ọ." Ó wá ọwọ́ Verna, ó rí i. "Àmọ́ ọmọ mi sọ fún ẹnìkan. Wọ́n ní kò sọ, ó sì sọ. Ṣé o máa jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ yẹn sin ín?"

"Gbogbo èèyàn á mọ̀ pé mi ò gbé e."

"Wọ́n á mọ̀."

Verna sunkún nígbà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó tẹ orí mọ́ orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó sunkún tán, ó ní kó fa òun jáde padà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Verna dìde dúró. Kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ẹnìkejì ṣe lọ, bí òun ṣe di ẹnìkejì, ìpè, táǹkì, ẹ̀rín, tíì. Àwọn tó ń jẹun dá ọwọ́ dúró nínú àwo. Kò sí ẹni tó bú u. Kò sí ẹni tó tù ú nínú pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí ìtùnú kì í tètè bá. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ẹnu ni Àǹtí Coral.

"Èmi ni mo dá ọ dúró," ni ó wí. "O ti gbé garawa. Mo ní kó o gbọ́ èyí kó o tó lọ."

"Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin."

"O ti gbé garawa."

"Èmi ni mo kọ iṣẹ́ ẹnìkejì yẹn," ni Darcy wí láti ìdí iná. "Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò lè gbóòórùn ìgbẹ́ ará ìlú."

Báyìí ni ẹ̀bi ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láàrin àwọn tí kò ní i, olúkúlùkù ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e lé òun lórí. Àwọn tó ni í gan-an ti lọ sílé. Wọ́n ti wẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ọmọ ilé kejì sáré wá sọ pé ìgbẹ́ ti ń jáde lójú pópó. Òótọ́ ni. Kòtò kejì, èyí tó wà ní ìparí àdúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé àwọn ọmọdé, kò lè dá gbé ẹrù méjì. Pọ́ǹpù rẹ̀ ti há. Omi dúdú ń yọ létí ìdérí irin rẹ̀, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀nà ilé ìwé náà. Ọkọ̀ káńsù kan wà níbẹ̀, iná pupa féfé ń yí lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà ní ìdí rẹ̀, ó ń fi irin kọ́ ìdérí náà láti gbé e.

Verna kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé àga kan lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lé èjìká, ó lọ.

Ọkùnrin náà kì í ṣe ará Wirrabilla. Ará Filipíìnì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó wà lókè odò, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àyà ẹ̀wù rẹ̀: Rodel. Nígbà tó rí obìnrin tó ń bọ̀ pẹ̀lú àga, ó nà ró.

"Ẹ ṣọ́ra mà, ibẹ̀ yẹn ti dọ̀tí."

"Ta ló bá ọ wá?"

"Èmi nìkan ni, mà. Wọ́n ní kí n tètè ṣí i kó má baà wọ ilé ìwé."

"Ṣé o máa sọ̀kalẹ̀?"

Ó wo ìdérí náà. "Tó bá jẹ́ pé àkísà ló há a, kò sí bá a ṣe máa yọ ọ́ látòkè. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀."

"O ní ìyàwó?"

"Mo ní, mà."

"O ti pè é?"

Ọkùnrin náà wo Verna, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

"Mo pè é nínú ọkọ̀," ni ó wí. "Ó ń retí mi."

Verna gbé àga náà lé orí ìdérí irin, ó sì jókòó. Omi dúdú yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó wọ inú bàtà rẹ̀.

"Tún pè é," ni ó wí. "Sọ fún un pé o ò ní sọ̀kalẹ̀."

"Mà, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Pe ọ̀gá tó rán ọ wá náà. Èmi ni kó o sọ pé ó jókòó lé e."

Rodel pè. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó na fóònù sí i. Tasker ni. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe Verna, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá rí báyìí, ilé ìwé yóò tì lọ́la, omi yẹn yóò sì dé odò. Ó ní káńsù kò ní ẹlòmíràn lọ́wọ́.

"Ọkọ mi sọ fún ẹnìkan láàárọ̀ yìí," ni Verna wí. "Èmi ló sọ fún. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ lè sọ ìyẹn lórí rédíò yín. Ẹ wá ẹnìkejì fún ọmọ ọlọ́mọ tó wà níwájú mi yìí."

Ó dá fóònù padà fún Rodel.

Wọ́n dúró. Omi náà ń ṣàn. Ẹnìkan ti Ìyá Merle wá lórí àga onítáyà, ó gbé e sí ibi tó gbẹ. Àǹtí Coral gbé àga tirẹ̀ wá, ó fi aṣọ di imú, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Verna nínú ẹrẹ̀ náà. Darcy àti àwọn ọkùnrin kó àpò iyanrìn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Àwọn ará òkè ìlú kan gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, wọ́n yí gíláàsì sókè.

"Ó ń rùn," ni Àǹtí Coral wí.

"Ó ń rùn, Àǹtí."



Òkùnkùn ń ṣú nígbà tí iná ọkọ̀ kejì yọ lójú títì. Ọkùnrin arúgbó kan ló sọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú okùn, ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́, àti èyí tí ń fẹ́ atẹ́gùn tuntun sínú kòtò. Òun ni ẹnìkejì tó fẹ̀yìn tì kí Kérésìmesì tó dé, Tasker ló lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Verna dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò. Wọ́n ṣí ìdérí. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ fi dákẹ́ igbe tó ń ké nítorí afẹ́fẹ́ olóró. Rodel de okùn mọ́ àyà, ó sọ̀kalẹ̀, arúgbó náà sì di okùn mú lókè.

Arúgbó náà sọ fún Verna pé ó lè máa lọ sílé, pé òun wà níbẹ̀.

"Mo rí yín," ni Verna wí, kò sì kúrò.

Ó kúnlẹ̀ sí òdì kejì ẹnu kòtò náà, ó tẹ ọwọ́ mọ́ irin, ó ń wo fìtílà kékeré tó ń rìn nísàlẹ̀. Nígbà tí pọ́ǹpù náà gbin, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀, òun kò mí. Fìtílà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Orí Rodel yọ, lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀. Verna na ọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà dì í mú, Verna sì fà á jáde.

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Verna kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.